Ewé Kan Nínú Yanrìn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìbéèrè kan ni a gbé wá fún yín nínú oṣù yìí. Bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe tí ojú kankan kò rí, tí ẹnikẹ́ni kò fi sùn ún, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá la ẹnu sọ ọ́, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ni yóò dí, ṣé dandan ni kí ó sọ ọ́? Ẹ má tètè dá wa lóhùn. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Orí pápá gọ́ọ̀fù ni a ó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò 18 níbẹ̀, ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Kì í ṣe àwọn olówó ńlá orí tẹlifíṣàn ni à ń wí, àwọn tí ó wà ní ìpele kejì ni. Ní Amẹ́ríkà, ìdíje ìpele kejì yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990. Web.com Tour ni wọ́n ń pè é ní ọdún 2012, Korn Ferry Tour ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Ojú ń rí níbẹ̀. Láti ìlú dé ìlú ni eléré ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó ọkọ̀, owó ibùsùn, àti owó ẹni tí ń bá a gbé àpò igi. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì nínú mẹ́rin, àwọn bíi 65 tí ó ṣíwájú ni yóò máa bá ìdíje lọ. Àwọn yòókù á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láìgba kọ́bọ̀. Láti ọdún 2025, ẹni 20 péré ni ó ń ti ibẹ̀ gòkè lọ sí ìpele kìíní ní ìparí sáà.

Kò sì sí adájọ́ tí ń tẹ̀lé eléré kọ̀ọ̀kan kiri. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a ni ó ń kọ iye gbígbá rẹ̀ sínú káàdì. Òun náà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá rú òfin níbi tí ẹlòmíràn kò rí, òun ni yóò fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Ìfọwọ́sí yìí, ẹ̀rí jíjẹ́ ni.

Ní ọdún 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Blayne Barber, ṣe ìdánwò láti wọ inú iṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Georgia. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sínú kòtò oníyanrìn. Bí ó ti gbé igi sẹ́yìn, ó rò pé igi náà kan ewé kan, òfin ìgbà náà kò sì gbà á. Arákùnrin rẹ̀ tí ń bá a gbé àpò ní ewé náà kò mì rárá. Síbẹ̀, Barber bu ìtanràn gbígbá kan lé ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí káàdì. Ní alẹ́ ni ẹnìkan sọ fún un pé gbígbá méjì ni ìtanràn rẹ̀. Ó gbá ìdánwò náà parí, ó yege. Kódà bí wọ́n bá fi gbígbá kan kún un, ì bá ṣì yege. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọwọ́ sí iye tí kò pé, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ nígbà náà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò, Barber pe àwọn aláṣẹ, ó ní kí wọ́n yọ òun.

Ẹlòmíràn yóò ní àṣejù nìyí. Ewé kan péré ni, kò gba ipò ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ dá a lójú tán. Èyí tí ó le jù ni pé òfin náà ti yí padà. Láti ọdún 2016, ẹni tí kò mọ̀ pé òun jẹ ìtanràn kí ó tó fọwọ́ sí káàdì kì í di ẹni ìyọkúrò mọ́. Láti ọdún 2019, eléré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ewé nínú yanrìn. Ṣé lásán ni ó wá jìyà?

A rò ó títí. Lójú tiwa, kì í ṣe ewé ni Barber fi ọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àṣìṣe ni. Lẹ́yìn tí ó ti mọ̀, bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rí tí ó mọ̀ pé kò tọ́ ni yóò máa jẹ́ lọ. Àwọn aṣòfin lè dárí ji ewé. Wọn kò lè sọ ẹ̀rí èké di òtítọ́. Ní ti iyèméjì, a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi wasiwasi jẹ ara rẹ̀ níyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kò lè san ìdajì ìtanràn.

Ní ọdún 2014, Barber gba ife ẹ̀yẹ ìpele kejì ní Valdosta, ó sì gòkè sí ìpele kìíní. Ẹ má jẹ́ kí á sáré sọ pé, “Ẹ ò rí i, òtítọ́ lérè.” Ní ọdún 2008, J.P. Hayes, tí ó ti borí lẹ́ẹ̀mejì ní ìpele kìíní, ń ṣe irú ìdánwò yìí ní Texas. Nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́ ni ó rántí pé bọ́ọ̀lù kan tí òun lò lè jẹ́ èyí tí wọn kò fọwọ́ sí. Ó pe àwọn aláṣẹ, wọ́n yọ ọ́, ọ̀nà tí ì bá gbà rí àyè kíkún ní ọdún 2009 sì dí. Ṣé òtítọ́ tirẹ̀ kéré sí ti Barber ni? Rárá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ nítorí èrè, oníṣòwò ni. Ọjọ́ tí ọjà bá dá a, yóò tà á.

Àwa olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a gbàgbé láti ka máàkì rẹ̀ pé kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí a ṣèèṣì fi márùn-ún lé tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin náà ń fọwọ́ sí ìwé lójoojúmọ́: fọ́ọ̀mù ọjọ́ orí, ìwé ìdánwò, ìwé owó ẹgbẹ́. Ǹjẹ́ ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ níbẹ̀ ṣì rí bákan náà lálẹ́, nígbà tí ẹ bá dá wà?

Kí Ọlọ́hun, tí ó mọ̀ nípa gbogbo ewé tí ó ń já, má jẹ́ kí ọwọ́ wa jẹ́rìí lòdì sí wa. Àmín.