Ẹran Ara Tí A Gbà Sìn

Ní ilẹ̀ Yewa, ẹni tí kò ní ewúrẹ́ lè gba ti ẹlòmíràn sìn. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, àwọn méjèèjì yóò pín in. Bí ó bá kú, ẹni tí ó gbà á sìn ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, yóò sì ṣàlàyé. Àṣà yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn: bí a bá dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Ìlaròó, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti máa tẹ awọ ara ènìyàn ní ìpele-ìpele, ta ni yóò ni ẹran ara tí ó wà níbẹ̀?

Ẹnubodè ni a ń gbé. A mọ ìṣe iná epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tí ó ń wá epo di oníkéègì, kéègì sì di ará ilé.

Ẹni tí ó jóná gan-an kì í ní awọ tó láti fi bo egbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni dókítà nílò. Yóò gé e níbi tí iná kò dé, yóò ya àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò sì máa bọ́ wọn títí wọn yóò fi pọ̀. Ní Boston ní 1983, awọ tí a gbìn báyìí ni wọ́n fi gba ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin méjì là, tí iná ti jó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ara wọn. Ẹ̀rọ òde òní ń po sẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tí ó ki bí ẹ̀kọ, ó sì ń tò ó bí a bá ṣe fẹ́.

Àpótí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé gbọ́dọ̀ móoru ní ìwọ̀n 37 ti Celsius, tọ̀sán-tòru. Bí iná mànàmáná bá lọ ní òru Sátidé, tí dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀, kí ó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n lè ti kú. A ó tún padà lọ gé ẹni tí awọ tó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibí yìí ni mo ti rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà: kí a gba ohun tí a mọ̀ pé a kò lè sìn.

Wọ́n sì ti gbà á láìsọ rí. Ní 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀dúdú tí jẹjẹrẹ ń bá jà, wọn kò bi í. Sẹ́ẹ̀lì náà ṣì ń bímọ lónìí káàkiri ayé. Ọdún 2023 ni Thermo Fisher, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi wọ́n pawó, tó bá ìdílé rẹ̀ parí ẹjọ́. Ewúrẹ́ bímọ fún ọdún méjìléláàádọ́rin!

Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, 2014, ní a kò gbọdọ̀ mú ẹran ara láìgba ìyọ̀ǹda. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kérora, tí wọ́n gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí níwájú, kí ló yọ̀ǹda? Ó yẹ kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ó fi èdè rẹ̀ sọ ibi tí awọ rẹ̀ yóò wà fún un, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, àti ohun tí a ó fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe.

Àwọn kan yóò ní bí a bá dúró de iná, a kò ní bẹ̀rẹ̀ láé. N kò ní kí a dúró. Poli ti wà ní Ìlaròó láti 1979. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ayétòrò. Kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì awọ ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sìn ín fún ọdún kan gbáko láìkú mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó na ọ̀bẹ sí ara ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹnìkan sára ògiri yàrá náà: ẹni tí yóò lọ bá aláìsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí iná bá lọ, tí yóò sọ bí ó ṣe kú.