Bí Àṣírí Wa Bá Tú, Ta Ni Ó Yẹ Kí A Sọ Fún?

Bí olè bá wọ ilé ẹni lóru, a ó ké, àdúgbò a sì jí. Ṣùgbọ́n olè kan wà ní ayé ìsinsìnyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá jà wá, ńṣe ni a máa ń pa ẹnu mọ́. Òun ni olè tí ń jí orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa, nọ́ńbà NIN wa, BVN wa àti nọ́ńbà àkáǹtì wa. Kò gbé àpótí, kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí ó jí ṣì wà lọ́wọ́ wa, a sì lè má mọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Paradigm Initiative fi han gbogbo ènìyàn pé àwọn kan ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 100 náírà péré fún ẹyọ kan. Wọ́n ra ti mínísítà pàápàá láti fi ṣe ẹ̀rí. Àjọ NIMC tí ń tọ́jú NIN ní kò sí ẹni tí ó já wọ ibi tí àwọn kó o sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè mú kí ẹni tí wọ́n ta nọ́ńbà rẹ̀ sùn dáadáa.

Ohun tí ó mú wa kọ èyí sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní kí ọ́fíìsì yìí bá wọn tẹ ìwé àwọn tí ó fẹ́ yá owó. Ẹ̀rọ wa bàjẹ́, a sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. A gba ìwé, a sanwó, a fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnìkan pe ìyá kan láàrin wa tí ń ta aṣọ. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dárúkọ báǹkì rẹ̀, ó ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, ó sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìdálẹ̀ mọ ohun tí ohùn ilé ń ṣe lọ́kàn ẹni. Ó ní òun fẹ́ dá olè kan dúró lórí àkáǹtì náà, kí Mọ̀mọ́ jọ̀wọ́ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù wọn. Wọ́n kà á. 180,000 náírà jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá yìí fi dákẹ́. Ó bẹ̀rù pé a ó ní ojúkòkòrò ni, tàbí pé ọgbọ́n rẹ̀ ti ń dín. A sì ní òwe kan tí a máa ń yára sọ sí irú wọn: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Òwe náà dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín ó ń purọ́. Ìyá yìí kọ́ ni ògiri tí ó lanu. Àwa tí a fi ìwé sí ìkáwọ́ wa ni. Láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, wọ́n mú bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀nà kan náà.

Ǹjẹ́ ẹni tí a jà lólè jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè ọ̀rọ̀ bí? Àwọn kan ní rárá, ìyà tí ó jẹ ẹ́ ti tó, kí a má di ẹrù lé ẹrù. Ó ṣòro láti dá wọn lẹ́bi. Ìtìjú ẹni, ti ẹni ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ta ni ó sì mọ kòkòrò náà tó ẹni tí ó ti jẹ ẹ́? Nítorí náà àwa gbà pé gbèsè wà, ṣùgbọ́n kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí ń tọ́jú ìwé.

Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 lórí ọ̀rọ̀ yìí pàápàá, olùtọ́jú ìwé ni ó dì mú. Bí ó bá mọ̀ pé àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì lè pa wọ́n lára, kí ó sọ fún àjọ tí ń bójú tó o láàrin wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀, kí ó sọ fún àwọn tí ó kàn láìjáfara, ní èdè tí ó yé wọn. Ọjọ́rú ni ìyá aláṣọ wá bá wa. Kí ó tó sọ tán, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Síbẹ̀ a dúró di ọjọ́ Ìsinmi. A ní a fẹ́ wádìí dáadáa. Òótọ́ rẹ̀ ni pé a ń wá bí a ó ṣe sọ ọ́ tí orúkọ wa kò fi ní bàjẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó wà láàrin, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta páàtì mọ́tò. Owó ọjà rẹ̀ ni.

Kí ni a lè ṣe nígbà tí omi ti dànù? A kò lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí, NIN sì wà pẹ̀lú ẹni títí ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ onílé kò sọ ni di ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọjọ́ ìbí ṣe píìnì, kí ó yí i padà lónìí. Kí a fi píìnì sí síìmù fúnra rẹ̀. Bí ìlà fóònù bá kú lójijì láìnídìí, kí a má dúró di ọ̀la kí a tó lọ sí ọ́fíìsì wọn, nítorí ẹlòmíràn lè ti gba síìmù wa. Bí owó bá ti jáde, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì ni kí a pè, kì í ṣe èyí tí ó pè wá. Kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí a sì kọ ìwé sí wọn, kí a mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì tí ó ní iṣẹ́ kankan láti fi ṣe. Ẹni tí ó bá sì wá lẹ́yìn náà pé òun yóò bá wa gba owó wa padà bí a bá san díẹ̀, gbájúẹ̀ kan náà ni, ó kàn pààrọ̀ fìlà ni.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé a kò tún lè fi ohùn ilé gba ènìyàn gbọ́ lórí fóònù. Kí a gé ìpè náà, kí a fi ọwọ́ ara wa pe ẹni tí a mọ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa tòótọ́, kò ní bínú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, a dúró níwájú ìjọ, a sì sọ ohun tí a ṣe. Kò rọrùn, àwọn kan kò tíì dárí jì wá. Ìyá aláṣọ ni ó dìde tẹ̀lé wa. Ó ka nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é síta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìyára. Ènìyàn mẹ́rin yọ fóònù wọn jáde, nọ́ńbà náà sì wà níbẹ̀.