Títa Ọkọ̀ Àkànṣe: Kí ni Olùtà Jẹ Olùrà?

Ìbéèrè tí a gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ ọjà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a ó fi wò ó jẹ́ ohun tí púpọ̀ nínú wa kò ní rà títí ayé. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀, ọkọ̀ tí kò ní ẹlẹgbẹ́ níbòmíràn, tí ó wá fẹ́ tà á, kí ni ó yẹ kí ó sọ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á? Ṣé ohun tí a bá bi í nìkan ni? Àbí gbogbo ohun tí ó mọ̀?

Àwọn ará Yúróòpù, pàápàá àwọn ará Jámánì àti Faransé, fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Wọn a ra ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ kan: ó lè jẹ́ Mercedes tí àwọn panápaná ti lò, ó lè jẹ́ Unimog tàbí MAN tí àwọn ológun ti tà dànù. Wọn a tú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọn a sì gbé ilé kékeré kan lé e, pẹ̀lú ibùsùn, ibi ìdáná, àgbá omi, bátìrì, àti àwo tí ń fa iná láti ara oòrùn. Wọn a fi àgbá epo kejì kún ti àkọ́kọ́, nítorí pé aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n fẹ́ là kọjá. Ní Bad Kissingen, ní Jámánì, ọjà ńlá kan wà fún irú ọkọ̀ wọ̀nyí lọ́dọọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń kàn wọ́n tà. Ṣùgbọ́n èyí tí a ní lọ́kàn ni èyí tí ẹnì kan dá kàn ní àgbàlá ara rẹ̀, ní alaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ọ̀dọ́ ará Faransé àti Jámánì a máa wa Peugeot 504 la aṣálẹ̀ já, láti Àlgéríà dé Agadez tàbí Gao, wọn a sì tà á ní Niamey, ní Lomé tàbí ní Kútọnù, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Lónìí, èbúté Kútọnù ni ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, a mọ ohun tí ó ń jẹ́ láti ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kánjú àtilọ.

Nígbà tí Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil fi ọkọ̀ Citroën 5 la Sàhárà kọjá, láti Touggourt dé Timbuktu, ní ìparí ọdún 1922 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1923, àwọn mẹkáníìkì wà nínú ìrìnàjò náà pẹ̀lú wọn. Bí irin kan bá dún, ẹni tí ó mọ ìdí ìró náà wà nítòsí. Irin àti ìmọ̀ ń rìn pọ̀. Ohun tí títà ń ṣe ni pé ó ń ya àwọn méjèèjì: irin a lọ, ìmọ̀ a sì jókòó sílé.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, ẹ jẹ́ kí a yára sọ nípa iye owó. Ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà a máa ka gbogbo alẹ́ tí ó fi ṣiṣẹ́, a sì fẹ́ kí olùrà san án. A káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà fún un. Ẹni tí ó rán agbádá mọ́ ara rẹ̀ kò lè sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó sanwó nítorí pé apá agbádá náà bá òun mu rẹ́gí. Ibùsùn inú ọkọ̀ náà gùn tó ẹni tí ó kàn án. Pẹpẹ rẹ̀ ga tó ibi tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dé. Olùrà tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ yóò ká ẹsẹ̀ sùn. Ìfẹ́ tí a fi ṣe nǹkan jẹ́ èrè ẹni tí ó ṣe é, ó sì ti jẹ èrè náà kí ọjọ́ títà tó dé.

Ohun tí olùtà jẹ olùrà ni ó ṣòro jù. Cicero, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù, gbé irú ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú ìwé De officiis tí ó kọ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní kí a wo ọkùnrin kan tí ó fẹ́ ta ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ilé náà dára fún ìlera, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Igi tí a fi kọ́ ọ kò dára. Ejò ń jáde nínú gbogbo yàrá rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ àfi onílé. Cicero wá fi àríyànjiyàn sí ẹnu àwọn onímọ̀ méjì, Diogenes ará Bábílónì àti Antipater akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Diogenes ní kí olùtà sọ ohun tí òfin bá ní kí ó sọ, kí ó má ṣe purọ́, ìyókù kù sí ọwọ́ olùrà. Nítorí pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi nǹkan pamọ́. Ta ló fi ipá mú un rà á? Antipater ní rárá, ó burú ju kí ènìyàn kọ̀ láti fi ọ̀nà han ẹni tí ó ṣìnà, ohun tí àwọn ará Áténì ń tìtorí rẹ̀ gégùn-ún ní gbangba. Nítorí pé ẹni tí ó dákẹ́ nídìí ilé yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ń ti ẹlòmíràn sínú àṣìṣe ni.

A kò fẹ́ fi ojú yẹpẹrẹ wo Diogenes. Ẹni tí ó ń ra iṣu ní ọjà Kétu kò retí kí oníṣu máa ka àbùkù iṣu sí òun létí. Yóò gbé e wò, yóò tẹ orí rẹ̀, yóò fi imú gbọ́ ọ bóyá ó ti jẹrà. Àwọn méjèèjì mọ iṣu. Bí a bá ra Toyota àlòkù, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó wà ní Parakou, ó sì wà ní àárín ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti tẹ ìwé nípa rẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni wọ́n pín ìmọ̀ ọkọ̀ náà láàárín ara wọn, bí olùtà kan bá sì dákẹ́, ẹlòmíràn yóò sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ àkànṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun irin ọkọ̀ ẹrù a máa lọ́ bí táyà kan bá gun òkúta. A ṣe é kí ó lè lọ́ ni. Ilé tí a gbé lé e kò gbọdọ̀ bá a lọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri rẹ̀ yóò ya. Nítorí náà, àwọn tí ó mọṣẹ́ kì í dè é mọ́lẹ̀ pinpin níbi gbogbo. Wọn a máa gbé e lé ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lè yí, kí ìsàlẹ̀ lè máa lọ́ kí òkè sì dúró. Bí ẹni tí ó kàn án ṣe ṣe tirẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ibi tí ó ti jó irin mọ́ irin wà lábẹ́ ọ̀dà. Wáyà iná gba ẹ̀yìn pákó kọjá, kò sì sí àwòrán rẹ̀ níbi kankan. Bóyá ó jó irin kan ní òru ọjọ́ kan nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ pé òun yóò tún un ṣe lọ́la: òun nìkan ni ó mọ̀. Ilé Cicero gan-an nìyí, àfi pé ilé yìí yóò lọ sí ibi tí kò sí aládùúgbò tí a lè ké pè.

Èyí ni ohun tí a fẹ́ sọ: bí àwọn tí ó mọ nǹkan bá ṣe kéré tó ni ẹrù sísọ ṣe wúwo tó lórí wọn. Bí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí irọ́ mọ́.

Òfin pàápàá sún mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ tán. Code civil tí Faransé gbé kalẹ̀ ní 1804, èyí tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jogún ohun púpọ̀ nínú rẹ̀, sọ ní abala 1641 pé olùtà ni yóò dáhùn fún àbùkù tí ó pamọ́, bí àbùkù náà bá sọ ohun tí a rà di aláìwúlò fún iṣẹ́ tí a rà á fún. Abala 1642 yọ ọ́ nínú èyí tí olùrà lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Abala 1643 gbà kí olùtà tí kò mọ̀ nípa àbùkù kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ní dáhùn fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ tí ó fi pamọ́ kò lè sá sábẹ́ ìwé yẹn. Ó dára. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ń dúró de ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Ẹni tí omi tán fún ní àárín Tanezrouft kò lè dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Òótọ́ tí ń tan ni jẹ tún wà. Ní Yúróòpù, ìwé ìwakọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, permis B, kò gba ọkọ̀ tí ó bá wúwo ju kílò 3,500 lọ. Ká ní olùtà gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n nígbà tí àgbá omi ṣófo, tí táyà ìpààrọ̀ wà nílé, tí ìwé òṣùwọ̀n sì sọ pé kílò 3,400. Kò sí irọ́ nínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Bí àgbá bá gba lítà 150, a ti rú òfin kí a tó gbé ọmọ, oúnjẹ àti aṣọ wọlé. Lójú Diogenes, olùtà yìí kò jẹ̀bi. Lójú tiwa, ìwé náà gan-an ni ó fi parọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà nípa ohun tí olùtà kò mọ̀ mọ́ pé òun mọ̀. Ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ kan fún ọdún mẹ́wàá ti di apá kan nínú rẹ̀. Bí òkè bá gùn, tí oòrùn sì mú, ó gbọ́ ìró kan nínú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kúrò lórí epo kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì àfi kí a gbé e díẹ̀ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé e tipẹ́. Bí o bá bi í pé kí ni ó ń ṣe ọkọ̀ náà, yóò ní kò sí nǹkan, kò sì parọ́. Ó ti fi ara rẹ̀ dí ihò náà. Ọjọ́ tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ni ihò náà yóò ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gun ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí òfin tí ó lè fi ìyà èyí jẹ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà: kí olùrà jókòó sí ìdí ìtọ́kọ̀, kí olùtà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ọwọ́ tí kò ní nǹkan í ṣe mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ síbi tí ó ti máa ń lọ, ẹnu yóò sì wá rántí.

Àwọn kan yóò rán wa létí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń tajà a máa pa òwe yìí bí ẹni pé ó yọ̀ǹda fún wọn. Bí a bá fetí sí i dáadáa, kì í ṣe olùtà ni ó ń bá wí. Òtítọ́ ti dé ọjà ná. Ẹnì kan ti gbé e wá. Àwọn olùrà ni wọ́n kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ kí olùtà ka àbùkù mẹ́wàá, tí ó wá lọ ra ọkọ̀ tí ó ń dán lọ́wọ́ ẹni tí kò ka ọ̀kan, ó ti kọ́ gbogbo ọjà bí wọn yóò ṣe máa tajà fún òun. Ó yẹ kí olùrà mọ̀ pé àbùkù mẹ́wàá tí a kà jẹ́ apá kan nínú ohun tí òun ń rà, bóyá apá tí ó níye lórí jù.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ọkọ̀ tí ó fi ìwé carnet de passages en douane wọ ìlú, àlejò ni. Ìwé náà ni ẹ̀rí pé yóò tún jáde. Olùtà tí kò bá sọ èyí, tí kò sì san owó ibodè, ohun tí ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé nígbàkígbà ni ó tà. Bí alágbàtà bá sì wà láàárín, ìmọ̀ a tún já lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé alágbàtà kò kàn án, kò sì wà á.

Àwọn olùtà tí ó mọ ohun tí ó yẹ a máa kọ ìwé kan: ibi tí wáyà gbà, irú òróró tí ẹ̀rọ ń lò, irin wo ni a jó, ọjọ́ wo, kí ni ó ń dún. Ká ní èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, tí olùrà sì jẹ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń ka Yorùbá àti Faransé. Ìwé ti dé ọwọ́ rẹ̀, ìmọ̀ kò tíì dé. A gbà pé ó yẹ kí wọ́n wá ògbufọ̀, kí wọ́n jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà, kí wọ́n ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kódà bí ọkọ̀ òfurufú olùtà yóò bá gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ni yóò wá san owó ògbufọ̀? Lójú tiwa, olùtà ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí àwọn méjèèjì pín in.