Ṣé Ìràwọ̀ Jẹ Ìkùukùu ní Gbèsè?

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, bí wọ́n bá mú iná lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ọyẹ́ kò sì bo ojú ọ̀run, ẹ gbójú sókè lálẹ́. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níhà gúúsù, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí èéfín. Orion Nebula lòyìnbó ń pè é. Ìkùukùu gáàsì àti eruku ni, inú rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń jáde. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 1,300 ọdún kó tó kàn wá lójú.

Àwọn ọmọ ìràwọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Trapezium. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù ọdún kan ni. Ọmọ ọwọ́ nìyẹn láàárín ìràwọ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gbóná tó nǹkan bí 40,000 digiri. Ìtànṣán rẹ̀ ló ń mú gáàsì háídírójìn tàn pupa, tí gbogbo ayé fi ń wo fọ́tò ìkùukùu náà tí wọ́n ń pariwo pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn náà ló ń tú ìkùukùu ọ̀hún ká. Bó pẹ́ bó yá, á pòórá. Ọmọ á jẹ ìyá tán.

Ó tún ku kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, awò ńlá Hubble tó wà lójú òfurufú fi hàn pé eruku yí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kéékèèké ká bí àwo pẹrẹsẹ. Eruku yẹn ló ṣeé ṣe kó di ayé bíi tiwa lọ́jọ́ iwájú. Ooru ìràwọ̀ ńlá yìí ń bó o kúrò lára wọn.

Ṣé ó jẹ̀bi? Rárá o. Kò lójú, kò lọ́kàn. Àmọ́ èmi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní SS2, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kí owó lè tó fún tèmi. Èmi lójú, mo rí i.

Àwọn kan á ní ìràwọ̀ ńlá máa ń san gbèsè: tó bá bú gbàmù níkẹyìn, á fọ́n irin àti ọ́síjìn káàkiri, irú irin bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Wọ́n á ní káwa náà ṣe àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lóore, ó parí. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìkùukùu kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi wà ńbẹ̀ ní tiẹ̀, ó jókòó ti máṣíìnì. Gbèsè tí olówó rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò yẹ ká lọ san án fún ẹlòmíì ká wá máa pe ara wa lọ́mọlúwàbí.

Kì í sì í ṣe aṣọ ọdún nìkan la fi ń san án. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ nítorí wa, bóyá wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹ. Ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù GCE ń jáde.