Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Owó Ìlú Ná?

Bí ìjọba bá ra ọjà olówó gọbọi, a ó ní ó ń ná owó ìlú ní ìnákúnàá. Bí ó bá ra ọjà pọ́ọ́kú, a ó yìn ín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ra ọjà pọ́ọ́kú ni ó ń ṣọ́ owó ná lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo New Zealand. Ní ọdún 1994, ìjọba ibẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi tòkúnbọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kàn ní Denmark, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 dọ́là owó wọn. Wọ́n fẹ́ kí ó máa kó àwọn ọmọ ogun àti ẹrù wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Charles Upham, orúkọ akọni wọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ Victoria Cross lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bí ẹrù inú rẹ̀ bá ti fúyẹ́, ńṣe ni ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí òkun. Àtúnṣe tí yóò mú un wúlò tún ń béèrè owó ńlá. Wọ́n so ó mọ́ èbúté. Ní 1998, wọ́n fi háyà fún àwọn tó ń fi kó ọsàn lórí òkun Mẹditaréníà. Ní 2001, wọ́n tà á.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ó yẹ kí wọ́n fi owó kún owó, kí ti àkọ́kọ́ má baà ṣòfò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tó ti dànù kò ṣeé kó mọ́. Owó tó kù, aláìsàn àti ọmọ iléèwé ní ìpín nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kékeré kò lè máa ra tuntun nígbà gbogbo. Tòkúnbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ọkọ̀ tòkúnbọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀, òun náà ni yóò wà á, òun náà ni yóò sì san owó mẹkáníìkì. Ní ti owó ìlú, ẹni tó ná ọjà kọ́ ni yóò wọ̀ ọ́. Ọmọ ogun ni ìgbì yóò máa gbé sókè sódò. Aráàlú ni yóò sanwó àtúnṣe.

Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó ń ṣọ́ owó ìlú ná ni ẹni tó ro owó rírà pọ̀ mọ́ owó àtúnṣe kí ó tó sanwó, tó sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ náà.