Ta Ni Sinimá Ń Kọ́ Wa Láti Bẹ̀rù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo gbà pé inú òwe yìí ni àṣírí sinimá adẹ́rùbani wà láàrin àwa Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí fíìmù kan fi ń lé oorun lójú ẹni, tí òmíràn sì ń pani lẹ́rìn-ín, kó má wo bí iwin inú rẹ̀ ti burẹ́wà tó. Kó wo bí ó ti súnmọ́ ilé wa tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tẹ̀lé èyí, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò: ǹjẹ́ gbogbo ohun tó bá lè ba ènìyàn lẹ́rù ni ó tọ́ kí a fi bà á lẹ́rù?

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ojú mẹ́rìndínlógún ni Àgbákò ní. Nígbà tí mo kà á ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé n kò lè pàdé rẹ̀ lọ́jà Ìkirè. Ti Orò yàtọ̀. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí lóru kò rí nǹkan kan. Ohùn nìkan ló ń gbọ́, ọkàn rẹ̀ ni ó sì ń ya àwòrán ohun tí ojú kò rí. Àwọn òyìnbó náà mọ èyí. Nígbà tí Steven Spielberg ń ṣe Jaws, tó jáde ní 1975, ẹja ńlá apànìyàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, wọ́n sì fi dandan fi í pamọ́ nínú omi. Ìfipamọ́ yẹn gan-an ni ó mú kí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ju ti ohun tí a kò rí lọ ni ẹ̀rù ẹni tí a ń rí lójoojúmọ́. Hubert Ògúndé lo ẹ̀rù yìí nínú Ayé ní 1979 àti Jáiyésinmi ní 1980. Òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, awo rere tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Àwọn àjẹ́ náà kì í ṣe ẹranko abàmì. Ènìyàn ni wọ́n, ará ìlú. Òṣèré ilẹ̀ òkèèrè ní láti wá ọgbọ́n tí òǹwòran yóò fi gba irọ́ òun gbọ́ fún wákàtí méjì. Òǹwòran ti Ògúndé ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láti ilé kó tó san owó ìwọlé, bí iná gbọ̀ngàn bá sì tàn, ìbẹ̀rù náà yóò bá a relé.

Ó bá mi relé. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo Ayé ní Ìbàdàn. Nínú agboolé wa ní Ìkirè, ìyá àgbà kan wà tó ń din dòdò tà, dòdò Ìkirè dúdú yẹn, tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ jù, ata àti iyọ̀ gún pọ̀ kí a tó din ín nínú epo pupa. Wọ́n ń sọ ní ìlú wa pé arúgbó kan tí kò ní ohun mìíràn láti jẹ ló kọ́kọ́ dá a. Èéfín ti mú kí ojú ìyá yìí pọ́n. Kò sì sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò pè mí pé, “Àkànní, wá gba tìrẹ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a ti Ìbàdàn dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo gba dòdò, mo ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà,” mo sì lọ jù ú sí àkìtàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ewé tí mo jù nù. Kò bú mi, kò fi ẹjọ́ mi sùn. Kò kàn pè mí mọ́ ni. Nígbà tí mo fi gbọ́n tó ẹni tí í bẹ̀bẹ̀, ó ti di ará ọ̀run.

Ẹnìkan lè sọ pé èyí kì í ṣe ẹ̀bi Ògúndé, pé rere ló ṣẹ́gun nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti pé àwọn baba wa náà fi ẹ̀rù kọ́ ọmọ. Mo gbà. Ọ̀gá ni Ògúndé, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má wo Ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ bá jẹ́ pé kí n máa fura sí arúgbó, opó àti àgàn, àwọn tí kò ní agbẹjọ́rò láwùjọ, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló san owó ìgbádùn mi. A ti rí arúgbó tí wọ́n lé kúrò nílé lórí irú ìfura bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn wà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, Olóyè Aṣíyanbí lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà. Àwọn tí wọ́n jọ tà á kú, ọkàn òun kò sì balẹ̀ mọ́. Kò sí ìyá arúgbó kankan tí yóò nà ní ìka. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń lé e kiri. Nínú The Figurine tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009, òǹwòran kò lè sọ dájú bóyá òrìṣà ni ó ń ṣe ọṣẹ́ tàbí ìlara ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá wo irú fíìmù báyìí yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun náà ti ṣe.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí. Ẹ̀rù kan ń mú wa wo ojú aládùúgbò. Èkejì ń mú wa wo ọwọ́ ara wa. Àwọn àjẹ́ inú Ayé kò bà mí lẹ́rù mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá ra dòdò létí ọ̀nà ní Ìkirè, mo máa ń rántí ìyá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tó ń wo ewé lórí àkìtàn.