Òkú Onílé Lẹ́nu Àlejò

Ilé gogoro kan tí wọ́n fi òkúta mọ láyé àtijọ́ ló fún Grange Castle lórúkọ, ní apá ìwọ̀ oòrùn Dublin. Lónìí, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer àti àwọn gbọ̀ngán tí Microsoft àti Google kó kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ sí ló yí àdúgbò náà ká. Nítòsí ibẹ̀ ni àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Kilmahuddrick wà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Ẹni Mímọ́ Cuthbert, ẹni tó kú ní ọdún 687 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Béèyàn bá tẹ̀ síwájú dé Clondalkin, yóò rí ilé gogoro roboto tó ga tó mítà 25, lórí ilẹ̀ tí Crónán, tí wọ́n tún ń pè ní Mochua, dá ilé àwọn mọ́ńkì sí ní ọ̀rúndún keje. Ẹnu ọ̀nà ilé náà kò sí nílẹ̀. Ó ga ju orí àgbàlagbà lọ. Àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún.

Àwọn Yorùbá náà ń gbé níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà lára wọn, awakọ̀ takisí wà, olùṣọ́ àgùntàn sì wà tí ìjọ rẹ̀ ń péjọ nínú ilé ìkẹ́rùsí láàárín àwọn ilé iṣẹ́.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn fẹ́ lọ sọ ìtàn irú ìjọ bẹ́ẹ̀ níbi àpérò àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn àdúgbò. Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá ni àwọn tí wọn yóò jọ gun pèpéle. Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ ètò lásán ni, pé kó ṣáà fóònù ẹni méjì tó gbọ́n tí kì í sì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà nídìí ètò yìí tí kò ṣeé fojú fò. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìtàn ilẹ̀ tí kò sin òkú bàbá rẹ̀ sí? Ǹjẹ́ ẹni tí kì í bá àwọn kan gbàdúrà lè ròyìn ohun tí Ọlọ́run wọn jẹ́ fún wọn?

Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, Yorùbá ti ní ìdáhùn nínú agbo ilé rẹ̀. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù tó sì gbé ìwé jáde lórí oríkì ní 1991, fi hàn pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni oríkì pọ̀ sí jù, àwọn ìyàwó ilé sì wà níwájú nínú wọn. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti wá. Wọn kò mọ àwọn baba ńlá tí wọ́n ń kì. Òmíràn ti kú kí wọ́n tó bí ìyá wọn. Síbẹ̀, bí òkú bá kú nínú agbo ilé, àwọn ni wọ́n ń kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí ọmọ bíbí ilé á máa sunkún pé òun ò mọ̀ pé bàbá òun tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé kò sì torí èyí gbàgbé oríkì ilé bàbá tirẹ̀. Méjèèjì ló ń gbé kiri.

Clondalkin fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo rí. Ní 867, àwọn ará Áyálàǹdì dáná sun odi Amlaíb, ọba àwọn Viking, níbẹ̀, àwọn akọ̀wé ìgbà náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún orí àwọn aṣáájú àlejò ló lọ sí i. Àwọn àlejò wọ̀nyẹn náà ni Dublin ń kà mọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó báyìí.

Ìbéèrè kejì le jù, Ọ̀yẹ́-Èkìtì sì ni ó yẹ ká ti wò ó. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA láti Áyálàǹdì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi í sí abẹ́ Kevin Carroll àti Seán O'Mahony. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ère àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì máa ti ọwọ́ agbẹ́gilére Yorùbá jáde. Ta wá ni agbẹ́gilére ń gbẹ́ igi fún látayébáyé? Ọba àti olórìṣà ni. Àwọn àlùfáà náà rí Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ère eégún Ẹ̀pa rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Kò pẹ́ tí Lamidi Fákẹ́yẹ fi dé láti Ìlá Ọ̀ràngún, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n sì bí i sí. Báyìí ni ọ̀bẹ Mùsùlùmí ṣe ń gbẹ́ ìbí Jésù fún ìjọ Àgùdà, lọ́nà tí ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère Ẹ̀pa fi kọ́ ọ. Àwọn amòye ìlà oòrùn tó wá kí ọmọ náà wọ aṣọ Yorùbá.

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn. Àwọn Kátólíìkì kan, dúdú àti funfun, rí i bí ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé kó òrìṣà padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1954, ibi iṣẹ́ náà kógbá sílé. Carroll kò fi àwọn agbẹ́gilére náà sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé agbẹ́gilére kì í ṣe àwòrò, pé iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìjọsìn, ó sì kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1967. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kún. Àlùfáà ló ń yan ìtàn tí wọ́n máa gbẹ́, òun náà ló ń sanwó. Agbẹ́gilére ló ni ojú, imú àti ìdúró ère náà. Àjọṣe tòótọ́ ni, àmọ́ ibi tí àṣẹ wà hàn kedere.

Ìgbà tí Sàbúrì Bíòbákú kó àwọn onímọ̀ jọ láti wádìí ìtàn Yorùbá, àjọṣe náà fẹ̀ ju ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ. Nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973, Wándé Abímbọ́lá kọ nípa Ifá, Frank Willett kọ nípa ohun tí wọ́n wú nílẹ̀, Carroll yìí kan náà sì kọ nípa igi gbígbẹ́. Onífá àti àlùfáà wà nínú ìwé kan, kò sì pọn dandan kí ẹnì kan gba ìgbàgbọ́ ẹnì kejì.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní Clondalkin mú níbẹ̀ nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n pe olùṣọ́ àgùntàn kó wá jẹ́rìí, kí wọ́n wá pe ọ̀mọ̀wé kó túmọ̀ ẹ̀rí náà. Kí wákàtí kan tó pé, olùṣọ́ àgùntàn ti di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Olùṣọ́ àgùntàn á ní Ọlọ́run ló rán àwọn wá jí ilẹ̀ tó ti sùn. Ọ̀mọ̀wé á ní ọrọ̀ ajé tó ń gbèrú ní àwọn ọdún 1990 ni, òfin àwọn tó wá ibi ìsádi ni, ìbò oṣù kẹfà 2004 sì wà níbẹ̀, nígbà tí nǹkan bí 79% àwọn tó dìbò gbà pé kí ọmọ tí àlejò bí sí Áyálàǹdì má ṣe di ọmọ onílẹ̀ láìjanpata mọ́. Kò sí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ gbé èkejì mì. Abel Ugba, ọmọ Nàìjíríà tó gbé ìwé jáde ní 2009 lórí àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ilẹ̀ Áfíríkà ní Áyálàǹdì, mú ohun tí àwọn onígbàgbọ́ ń sọ nípa ara wọn ní pàtàkì gidi.

Ẹnì kẹta tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni onílé, bàbá tàbí ìyá tó dàgbà sí àdúgbò náà kí àwọn ilé kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn ará Áyálàǹdì mọ iṣẹ́ yìí: láàárín 1937 sí 1939, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bíi 50,000 bi àwọn àgbà àdúgbò wọn léèrè ìtàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Clondalkin lónìí lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè nípa ilé iṣẹ́ bébà tó ti kógbá sílé, kó sì bi ìyá ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí WhatsApp.

Kí wọ́n tó dá ọjọ́ àpérò, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọn kò ní sọ. Obìnrin tó dìde ní ìṣọ́ òru tó sunkún sọ bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe jáde, Ọlọ́run àti ìjọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Bí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ sí àpérò, òun fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n lọ bi, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i létí. Bó bá ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́, ì báà ṣe òun ni orí ọ̀rọ̀ gbogbo.